Gbígbóná ni Ẹ̀rọ Rí, Kì í Ṣe Òǹgbẹ: Àbá lórí Èdè-Ìperí fún Ìyàwòrán Ìwọ̀n-Gbígbóná Ewé

1. Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ó ti rí fún ọmọ ni ó rí fún ohun tuntun tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì bá gbé dé. Ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe, kí a sì mọ ọ̀nà tí ó ń gbà ṣe é, kí a tó fún un ní orúkọ. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ẹ̀rọ ayàwòrán kan tí àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn ń lò láti fura sí ohun ọ̀gbìn tí omi kò tó. Ẹ̀rọ náà kì í fi ọwọ́ kan ewé, kì í gbẹ́ ilẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ ni kì í já ewé lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ọ̀ọ́kán ni ó ti ń wo oko, yálà láti ọwọ́ ènìyàn, láti orí òpó, láti inú ọkọ̀ òfuurufú, tàbí láti ojú sánmà.

Bí a bá ní kí atúmọ̀ èdè fún ẹ̀rọ yìí ní orúkọ kíákíá, ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni ‘ẹ̀rọ arí-òǹgbẹ’ tàbí ‘ẹ̀rọ tí ń fi òǹgbẹ ewé hàn’. Orúkọ náà dùn létí, ó sì tètè yé ni. Àbùkù kan ṣoṣo ni ó ní, ṣùgbọ́n àbùkù náà tóbi: kì í ṣe òótọ́. Ẹ̀rọ náà kò rí òǹgbẹ, kò sì rí omi. Gbígbóná nìkan ni ó rí. Òǹgbẹ jẹ́ èrò tí àwa ènìyàn gbé ka orí gbígbóná yìí, èrò náà sì lè tọ̀nà, ó sì lè má tọ̀nà.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé èdè-ìperí gbọdọ̀ dúró lórí ohun tí ẹ̀rọ wọ̀n, kí ó má ṣe sáré lọ bá ohun tí a rò pé ìwọ̀n náà túmọ̀ sí. Láti ìgbà tí ètò ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970 lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, tí a sì fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì, kò sí àríyànjiyàn mọ́ pé èdè wa lè gbé ìmọ̀ yìí. Ìbéèrè tí ó kù ni bóyá àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń yàn ń gbé e ní òótọ́. A ó kọ́kọ́ ṣe àlàyé ìmọ̀ náà, lẹ́yìn náà ni a ó wá gbé àwọn orúkọ lé òṣùwọ̀n.

2. Bí ewé ṣe ń mú ara rẹ̀ tutù

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí àmù. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé omi inú àmù a máa tutù ju omi inú ike lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ara amọ̀ kún fún ihò tíntìntín. Omi ń gba inú ihò wọ̀nyí jáde sí ẹ̀yìn àmù, níbẹ̀ ni ó sì ti ń di ooru tí afẹ́fẹ́ ń gbé lọ. Omi kì í di ooru lọ́fẹ̀ẹ́, agbára ni ó ń ná. Agbára tí yóò sọ lítà omi kan tí ó ti ń hó di ooru tán ju ìlọ́po 5 agbára tí yóò mú lítà omi kan náà láti 0°C dé 100°C. Láti ara àmù àti omi inú rẹ̀ ni agbára yìí ti ń jáde, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tutù. Bí a bá wá fi ọ̀dà kun ẹ̀yìn àmù náà yíká, ihò rẹ̀ a dí, omi inú rẹ̀ kò sì ní tutù mọ́.

Bákan náà ni ewé rí. Gbòǹgbò ń fa omi láti inú ilẹ̀, omi náà ń gba inú igi gòkè lọ sí ewé, ó sì ń di ooru jáde ní àwọn ẹnu kéékèèké tí ó wà lára ewé. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun ọ̀gbìn, abẹ́ ewé ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ẹnu náà wà. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ṣọ́ méjì ni ó ń ṣọ́ ẹnu kọ̀ọ̀kan. Bí omi bá kún inú wọn, wọ́n a tẹ̀ kúrò lára ara wọn, ẹnu a sì là. Bí omi inú wọn bá dín, wọ́n a rọ̀ pa pọ̀, ẹnu a sì pa dé.

Ewé kò lè pa ẹnu dé títí, nítorí láti ẹnu yìí kan náà ni kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì tí ó fi ń ṣe oúnjẹ ti ń wọlé. Bí ó bá la ẹnu, oúnjẹ ń wọlé, omi ń jáde. Bí ó bá pa á dé, omi kò jáde, ebi sì ń pa á. Nígbà tí ilẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, kẹ́míkà kan tí à ń pè ní ásíìdì ábísísíìkì a máa pọ̀ sí i nínú ohun ọ̀gbìn, àwọn ẹ̀ṣọ́ a sì pa ẹnu dé. Láti ìgbà náà lọ, ewé ti di àmù tí a fi ọ̀dà kùn. Oòrùn ń pa á, kò sì rí ọ̀nà tú gbígbóná rẹ̀ dànù bí ti tẹ́lẹ̀. Ewé tí ó ń mu omi tó, tí oòrùn ń ràn sí nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, lè tutù ju afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká lọ. Èyí tí ó pa ẹnu dé a máa gbóná ju afẹ́fẹ́ náà lọ.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù níhìn-ín ni àkókò. Ẹnu ewé lè pa dé kí ewé tó rọ rárá. Nítorí náà, gbígbóná lè sọ̀rọ̀ ṣáájú ojú àgbẹ̀, nígbà tí àtúnṣe ṣì rọrùn. Àǹfààní ẹ̀rọ yìí nìyẹn.

3. Bí ẹ̀rọ ṣe ń rí gbígbóná

Ní 1800, William Herschel, onímọ̀ ìràwọ̀ tí a bí ní Jámánì ṣùgbọ́n tí ó ń gbé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi dígí onígun mẹ́ta pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí oríṣiríṣi àwọ̀. Ó gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n-gbígbóná sí inú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó gbé e kọjá pupa, sí ibi tí ojú kò ti rí àwọ̀ kankan mọ́, ó rí i pé ibẹ̀ tún gbóná jù. Báyìí ni ó ṣe mọ̀ pé ìtànṣán kan wà tí ojú ènìyàn kò lè rí.

Ìwádìí lẹ́yìn rẹ̀ fi hàn pé gbogbo ohun tí ó wà láyé ni ó ń tú ìtànṣán jáde gẹ́gẹ́ bí ó ti gbóná tó. Bí ohun kan bá ṣe ń gbóná sí i ni ìtànṣán rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i. Ojú wa ń rí ìtànṣán tí ìgbì rẹ̀ gùn láti nǹkan bí 0.4 dé 0.7 nínú ìdá mílíọ̀nù kan mítà. Ìtànṣán tí ewé tí ó wà ní nǹkan bí 27°C ń tú jáde pọ̀ jù ní ibi tí ìgbì gùn tó nǹkan bí 10 nínú ìdá mílíọ̀nù kan mítà. Láàárín 8 sí 14 ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ayàwòrán yìí ń ṣiṣẹ́. Dígí lásán kì í jẹ́ kí irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ kọjá, ìdí nìyẹn tí a fi ń lo jámáníọ̀mù fún ojú ẹ̀rọ náà.

Irú ìmọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa mọ́. Ní 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni a na ẹ̀rọ kékeré sí níwájú orí ní ẹnu ọ̀nà báǹkì àti ilé ìjọsìn. Ìtànṣán tí awọ ara ń tú jáde ni ẹ̀rọ náà ń kà. Ó kà á ní ojú kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ ayàwòrán ń kà á ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì tò wọ́n di àwòrán.

Nǹkan méjì ni ó yẹ kí olùkọ́ tẹnu mọ́. Èkíní, ìtànṣán tí ewé fúnra rẹ̀ ń tú jáde yàtọ̀ sí ìtànṣán oòrùn tí ó kan ewé tí ó sì ta padà. Àwòrán tí a ń yà lásán, àti àwọn àwòrán kan tí a fi ìtànṣán tí ó súnmọ́ pupa yà láti mọ bí ewé ṣe tutù yọ̀yọ̀ tó, ìtànṣán àtapadà ni wọ́n ń lò. Àwòrán tí à ń sọ nípa rẹ̀ yìí, ìtànṣán àtújáde ni ó ń lò, nítorí náà a lè yà á nínú òkùnkùn pàápàá. Èkejì, àwọ̀ pupa, yẹ́lò àti búlúù tí ó wà nínú àwòrán náà kì í ṣe àwọ̀ ewé. Ẹni tí ó ṣètò ẹ̀rọ ni ó yan àwọ̀ fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá wù ú, ó lè fi búlúù dúró fún ohun tí ó gbóná jù. Àwọ̀ àfisí ni a ó máa pè é.

4. Láti ìwọ̀n dé atọ́ka

Ìwọ̀n-gbígbóná ewé nìkan kò sọ ohun púpọ̀. Ewé tí ó wà ní 33°C lè wà ní àlàáfíà ní ọ̀sán gangan, òmíràn tí ó wà ní ìwọ̀n kan náà sì lè wà nínú ìnira ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ tutù. A ní láti fi í wé nǹkan.

Ibi tí a ti ṣe iṣẹ́ tí ó lókìkí jù lórí èyí ni yàrá ìwádìí lórí ìtọ́jú omi ti ìjọba Amẹ́ríkà ní ìlú Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona, níbi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n tí oko sì gbára lé omi tí a ń fà wá. Níbẹ̀ ni Sherwood Idso, Ray Jackson, Robert Reginato àti Paul Pinter ti ń wọn ìwọ̀n-gbígbóná ewé àlìkámà àti ohun ọ̀gbìn mìíràn láti ọ̀ọ́kán. Ní 1977, ohun tí wọ́n ń lò ni ìyàtọ̀ láàárín ewé àti afẹ́fẹ́, tí wọ́n ń rò pọ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ yìí kò dá dúró: bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, omi ń jáde lára ewé púpọ̀, ewé a sì tutù gan-an, bí afẹ́fẹ́ bá kún fún ooru omi, ewé kò lè tutù tó bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń mu omi ní àmuyó. Ní 1981, wọ́n gbé atọ́ka kan jáde tí ó ka gbígbẹ afẹ́fẹ́ mọ́ ọ. Atọ́ka náà ń béèrè pé: láàárín ewé tí ó la ẹnu dáadáa àti ewé tí ó pa ẹnu dé pátápátá, níbo ni ewé yìí wà?

Ní 1999, Hamlyn Jones ti Yunifásítì Dundee ní Skọ́tlándì fi hàn bí a ṣe lè rí òpin méjèèjì nínú àwòrán kan náà. A fi omi rin ewé kan, èyí dúró fún èyí tí ó tutù jù. A fi ìpara básílíìnì kun tẹ̀yìn-tinú ewé kejì kí omi má baà jáde, èyí dúró fún èyí tí ó gbóná jù. Ẹ jẹ́ kí a fi iye díẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Bí ewé tí a rin bá wà ní 26°C, tí èyí tí a fi ìpara kùn wà ní 36°C, tí ewé tí à ń yẹ̀ wò sì wà ní 31°C, a ó yọ 26 kúrò nínú 31, yóò ku 5. A ó yọ 26 kúrò nínú 36, yóò ku 10. A ó wá fi 10 pín 5, yóò jẹ́ 0.5. Òdo túmọ̀ sí pé kò sí ìnira, 1 túmọ̀ sí pé ìnira dé òpin. Ewé wa wà ní agbedeméjì.

Láti inú èyí, a lè rí i pé iṣẹ́ yìí rọrùn nínú ọyẹ́ ju inú òjò lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ti rin, òpin méjèèjì a súnmọ́ ara wọn, àṣìṣe kékeré nínú ìwọ̀n a sì di àṣìṣe ńlá nínú atọ́ka.

5. Ìgbéyẹ̀wò àwọn orúkọ

(a) Ooru tàbí gbígbóná? Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn ni ‘àwòrán ooru’. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ni ‘ooru’ ń ṣe nínú èdè wa. Nígbà tí a bá ní ‘ooru ń mú mi’, ohun tí ara ń mọ̀ ni a ń sọ. Nígbà tí a bá ní ‘ooru ń jáde lẹ́nu ìkòkò’, omi tí ó ti di afẹ́fẹ́ ni a ń sọ. Nínú ẹ̀kọ́ mìíràn, ìtumọ̀ méjèèjì lè jọ gbé pọ̀ láìjà. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, wọ́n takora: ewé tí ooru omi ń jáde lára rẹ̀ púpọ̀ ni kò gbóná. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ ‘àwòrán ooru’ lè rò pé omi tí ń jáde lára ewé ni a yà, yóò sì ka àwòrán náà sódì. Àbá wa ni pé kí a fi ‘ooru’ sílẹ̀ fún omi tí ó ti di afẹ́fẹ́, kí a sì lo ‘gbígbóná’ fún èkejì. A kò yan ‘ìgbóná’, nítorí pé ó tún jẹ́ orúkọ àìsàn nínú èdè wa.

(b) Àwòrán gbígbóná tàbí àwòrán ìwọ̀n-gbígbóná? Bí ‘omi gbígbóná’ ti jẹ́ omi tí ó gbóná, bẹ́ẹ̀ ni ‘àwòrán gbígbóná’ yóò jẹ́ àwòrán tí ó gbóná. Gírámà èdè wa ni ó fà á: ọ̀rọ̀-orúkọ tí a ṣẹ̀dá láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe báyìí a máa ṣiṣẹ́ ẹ̀yán tí ó bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀-orúkọ mìíràn. Bí a bá fi ‘ìwọ̀n’ sí àárín, ìtumọ̀ a là. Nítorí náà, ‘àwòrán ìwọ̀n-gbígbóná’ ni a yàn, ẹ̀rọ rẹ̀ a sì jẹ́ ‘ẹ̀rọ ayàwòrán ìwọ̀n-gbígbóná’. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò purọ́.

(d) Abẹ́-pupa tàbí ìkọjá-pupa? Àwọn kan lè fẹ́ pe ìtànṣán Herschel ní ‘ìtànṣán abẹ́-pupa’, nítorí pé báyìí ni èdè Látìn ṣe sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀, bí ọmọ bá wo òṣùmàrè, òkè ni pupa wà. Kò sí ohun tí yóò rí lábẹ́ pupa bí kò ṣe àwọ̀ òféfèé àti yẹ́lò. ‘Ìkọjá-pupa’ ń sọ ohun tí Herschel ṣe gan-an: ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kọjá pupa. Bákan náà ni a lè sọ pé ‘ìkọjá-àlùkò’ fún ìtànṣán tí ó wà ní ìkángun kejì.

(e) Ihò ewé, ojú ewé tàbí ẹnu-ewé? ‘Ojú ewé’ ti di orúkọ abala ìwé. ‘Ihò ewé’ yóò mú kí akẹ́kọ̀ọ́ ronú ibi tí kòkòrò ti jẹ. Yàtọ̀ sí èyí, ihò kì í dá ara rẹ̀ dí, ṣùgbọ́n ẹnu a máa là, a sì máa pa dé. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ẹ̀kọ́ náà nílò ti wà nílẹ̀ fún ẹnu. ‘Ẹnu-ewé’ ni a fara mọ́.

(ẹ) Mímí tàbí ìlàágùn? Bí a bá pe bí omi ṣe ń jáde lára ewé ní ‘mímí’, a ó da ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ bí ewé ṣe ń lo ọ́síjìn. ‘Ìlàágùn ewé’ ní àbùkù tirẹ̀, nítorí òógùn a máa kán, ohun tí ń jáde ní ẹnu-ewé kì í sì í kán. Síbẹ̀, ìlàágùn ni ó gbé ohun tí ó jẹ wá lógún, èyí ni ìtutù ara. Kí olùkọ́ sọ fún ọmọ pé òógùn ewé ti di ooru kí ó tó jáde, kí ọmọ má baà pe omi tí ń kán létí ewé ní òwúrọ̀ ní ìlàágùn.

(f) Òǹgbẹ, ọ̀dá, àìtó omi tàbí ìnira? Ọ̀dá jẹ́ ti ojú ọjọ́, kì í ṣe ti ewé. Òǹgbẹ jẹ́ ti ẹni tí ó lè sọ pé ó ń gbẹ òun, ìwòsàn rẹ̀ kan ṣoṣo sì ni omi. Àìtó omi jẹ́ ti ilẹ̀ àti gbòǹgbò. Ìnira jẹ́ ti ewé, kò sì tíì sọ ohun tí ó fà á. A dábàá ‘ìnira ewé’ fún ohun tí a fura sí nígbà tí a bá rí i pé ewé gbóná, àti ‘ìnira àìtó-omi’ fún ìgbà tí a bá ti yẹ ilẹ̀ wò tí ó sì dá wa lójú pé omi ni kò tó. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò gbọdọ̀ rọ́pò ara wọn.

6. Ibi tí orúkọ ti lè ṣe ìpalára

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni ó kan àgbẹ̀ pẹ̀lú ìyàtọ̀ yìí. Ó kàn án gan-an. Orúkọ a máa ro ọmọ, a sì máa darí ọwọ́ ẹni tí ó bá gbà á gbọ́. Ẹni tí a bá sọ fún pé òǹgbẹ ń gbẹ oko rẹ̀ yóò bu omi sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òǹgbẹ nìkan ni ó ń mú ewé pa ẹnu dé. Ilẹ̀ tí omi ti dúró sí ń fún gbòǹgbò pa, nítorí afẹ́fẹ́ kò lè dé ibẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn a sì pa ẹnu-ewé dé. Àrùn tí olú ń fà lè dí àwọn òpó tí omi ń gbà gòkè nínú igi. Kòkòrò lè jẹ gbòǹgbò. Nínú gbogbo èyí, ewé a máa gbóná, àwòrán a sì pọ́n bákan náà. Bí àgbẹ̀ bá wá bu omi sí ilẹ̀ tí omi ti kún tẹ́lẹ̀ nítorí pé ẹ̀rọ ‘rí òǹgbẹ’, kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó ṣì í lọ́nà. Àwa tí a fún ẹ̀rọ ní orúkọ ni.

Ohun ọ̀gbìn pàápàá kò rí bákan náà. Ẹ̀wà a máa tètè pa ẹnu-ewé dé nígbà tí ilẹ̀ bá ń gbẹ, tó bẹ́ẹ̀ tí omi inú ewé rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dín. Níhìn-ín, ewé gbóná, ṣùgbọ́n omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ewé ẹ̀wà a sì tún máa yí ẹ̀gbẹ́ sí oòrùn kí ìtànṣán má baà kàn án púpọ̀, èyí a sì dín gbígbóná rẹ̀ kù. Ẹni tí ó bá gbà pé omi ni ẹ̀rọ ń rí yóò ṣi ẹ̀wà kà lẹ́ẹ̀mejì.

A tún ní láti kíyè sí ohun tí ó wà nínú wóró àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ tí à ń pè ní ECOSTRESS, tí Amẹ́ríkà gbé lọ sí ibùdó òfuurufú àgbáyé ní 2018, ń wo ilẹ̀ ní wóró tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí 70 mítà. Nínú wóró bẹ́ẹ̀, ewé wà, ilẹ̀ lásán wà, ojú ọ̀nà náà lè wà. Ilẹ̀ lásán tí oòrùn pa a máa gbóná ju ewé lọ púpọ̀. Oko tí a gbin ọ̀gbìn rẹ̀ jìnnà síra lè gbóná nínú àwòrán láìsí ìnira kankan lára ewé. Ìkuukùu tí ó kọjá àti atẹ́gùn tí ó fẹ́ a máa yí ìwọ̀n padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Nítorí èyí, a dábàá pé kí ìròyìn tí a bá kọ ní Yorùbá lórí iṣẹ́ yìí máa ya gbólóhùn mẹ́ta sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́: ‘Ewé gbóná tó báyìí.’ Èkejì: ‘A fura pé ìnira ewé wà.’ Ẹ̀kẹta, lẹ́yìn tí a bá ti wo ilẹ̀ àti gbòǹgbò: ‘Ìnira àìtó-omi ni’, tàbí ‘Ìnira àrùn ni’, tàbí ‘Omi ni ó pọ̀ jù’.

7. Ìlò rẹ̀ nínú kíláàsì

Olùkọ́ kò nílò ẹ̀rọ olówó iyebíye kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó gbé àmù kékeré méjì tí ó dọ́gba wá, kí ó fi ọ̀dà kun ẹ̀yìn ọ̀kan, kí ó jẹ́ kí ó gbẹ, kí ó sì bu omi iye kan náà sí méjèèjì ní ibòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ìwọ̀n-gbígbóná omi inú wọn ní àárọ̀ àti ní ọ̀sán, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbin ẹ̀wà sí inú ìkòkò, kí wọ́n fi ìpara básílíìnì kun tẹ̀yìn-tinú ewé kan, kí wọ́n sì fi èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ tí ń wọn gbígbóná láti ọ̀ọ́kán bá wà, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń lò, kí wọ́n fi wọn ewé méjèèjì nínú oòrùn. Ẹ̀rọ ìwọ̀n-ibà kò dára fún èyí, nítorí ìwọ̀n ara ènìyàn nìkan ni a ṣe é fún.

Lẹ́yìn ìwọ̀n, kí olùkọ́ béèrè ìbéèrè kan: ‘Ǹjẹ́ òǹgbẹ ń gbẹ ewé tí a fi ìpara kùn?’ Omi wà nínú ìkòkò, gbòǹgbò ń mu, síbẹ̀ ewé gbóná. Ọmọ tí ó bá dáhùn pé rárá, ẹnu rẹ̀ ni a dí, ti mọ ẹ̀kọ́ náà.

8. Àkójọ èdè-ìperí

Ìlàágùn ewé: jíjáde omi lára ewé lẹ́yìn tí ó ti di ooru.
Ooru: omi tí ó ti di afẹ́fẹ́, a kì í lò ó fún gbígbóná nínú ẹ̀kọ́ yìí.
Ìwọ̀n-gbígbóná: iye tí ohun kan gbóná tó.
Ẹnu-ewé: ojú ọ̀nà tíntìntín lára ewé, tí ń là tí ń pa dé.
Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ṣọ́: ọ̀kan nínú sẹ́ẹ̀lì méjì tí ń ṣí ẹnu-ewé tí ó sì ń pa á dé.
Ìtànṣán ìkọjá-pupa: ìtànṣán tí ojú kò rí, tí ìgbì rẹ̀ gùn ju ti pupa lọ.
Ìtànṣán àtújáde: èyí tí ohun kan ń tú jáde fúnra rẹ̀.
Ìtànṣán àtapadà: èyí tí ó ti ibòmíràn wá, tí ó kan ohun náà tí ó sì ta padà.
Àwòrán ìwọ̀n-gbígbóná: àwòrán tí wóró rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún ìwọ̀n-gbígbóná kan.
Àwọ̀ àfisí: àwọ̀ tí a yàn láti dúró fún iye.
Wóró àwòrán: ẹyọ tí ó kéré jù nínú àwòrán.
Ìnira ewé: ipò tí ewé kò ti lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ, ohunkóhun tí ì báà fà á.
Ìnira àìtó-omi: ìnira ewé tí a ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àìtó omi ni ó fà á.
Atọ́ka ìnira: iye láàárín 0 àti 1 tí ó ń fi ibi tí ewé wà hàn láàárín òpin méjèèjì.

9. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ẹ̀rọ ayàwòrán ìwọ̀n-gbígbóná wúlò púpọ̀, nítorí ó lè fi ìnira ewé hàn kí ewé tó rọ. A sì ti fi hàn pé gbígbóná ni ó ń wọ̀n, kì í ṣe omi, kì í ṣe òǹgbẹ. Àwọn orúkọ tí a dábàá kò dùn létí tó ‘ẹ̀rọ arí-òǹgbẹ’. Bí olùkọ́ tàbí atúmọ̀ èdè kan bá rí èyí tí ó kúrú jù wọ́n lọ, tí ó sì ya ohun tí a wọ̀n sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a rò, kí ó mú un wá, a ó sì fi tiwa sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n orúkọ tí yóò mú àgbẹ̀ bu omi sí ibi tí omi ti ń pa ohun ọ̀gbìn, bí ó ti wù kí ó dùn tó, kò yẹ kí ó wọ inú ìwé ẹ̀kọ́ wa.